“Wọ́n Ní” Kì í Gba Físà

Lóṣù kẹjọ ọdún 2024, gbogbo wa la mọ̀ l'Óde-Ìrèlè pé Victor Osimhen ń lọ sí Chelsea. Ẹni tó ń ta káàdì fóònù mọ̀. Ọlọ́kadà tó gbé mi wálé láti Òkìtìpupa tiẹ̀ mọ iye tí wọ́n máa san fún un lọ́sẹ̀ kan. Ọjọ́ 30 oṣù náà ni ọjà ìràtà agbábọ́ọ̀lù parí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ mọ́, Osimhen ò sí ní Chelsea. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Galatasaray ti ìlú Istanbul ló gbé e jáde, Napoli ló yá wọn. Ọdún 2025 ni wọ́n tó wá rà á pátápátá ní mílíọ̀nù 75 owó yúrò.

Nínú gbogbo àwọn tó fi Chelsea búra, ta ló padà wá sọ pé òun ṣì í? Mi ò rí ẹnì kankan. Àhesọ tuntun ti dé, a ti gbàgbé ti àná.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: “Ẹ̀gbọ́n, eré bọ́ọ̀lù náà ni, ẹ fi wá lọ́rùn sílẹ̀ jàre.” Mo gbọ́. Èmi náà máa ń tẹ fóònù láago méjì òru kí n lè mọ ẹni tí ẹgbẹ́ mi fẹ́ rà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá yín jà díẹ̀ lónìí. Àhesọ ìràtà yìí ti di ilé-ìwé fáwọn àbúrò wa, ẹ̀kọ́ tó sì ń kọ́ wọn kò dáa. Ó ń kọ́ wọn pé ẹnu ẹnì kan ló ń gbé agbábọ́ọ̀lù dé Yúróòpù. Irọ́ ni. Òfin wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní dátà lè kà á. Àwa ò kà á, àwọn gbájúẹ̀ sì mọ̀ pé a ò kà á. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun.

Ọmọ kan wà ládùúgbò wa, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà náà. Tí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sí i lẹ́sẹ̀ òsì, àwọn àgbà tó ń tayò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá á dákẹ́, wọ́n á máa wò ó. Ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní ejẹ́ǹtì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Àmì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà lórí ẹ̀. Ó ní wọ́n ti rí fídíò ọmọ náà, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, work permit rẹ̀ á jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Owó “processing” nìkan ló kù. Púpurú ni ìyá ọmọ yìí ń tà. Ó kó owó àjọ rẹ̀, ó fi oko ọ̀pẹ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ dógò, wọ́n san ìdajì.

Ìgbà tó ku ìdajì kejì ni wọ́n tó gbé fóònù wá bá mi, torí pé “Ẹ̀gbọ́n ló mọ nǹkan kọ̀ǹpútà.” Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àdírẹ́sì ímeèlì ọ̀fẹ́ tí gbogbo ayé ń lò ni lẹ́tà náà ti wá. Ọjọ́ orí ọmọ náà nìkan sì ti tó láti tú irọ́ náà fó. Mo ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn ń ka owó náà lórí ìka, ó ń tún un kà.

Ọmọ náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi dòní. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn? Lónìí, wọ́n á ní àwọn ń bá a sọ̀rọ̀. Lọ́la, Fabrizio Romano á ní ‘here we go’. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti gbé jẹ́sì sókè.” Níbo ló ti kọ́ ọ? Ọ̀dọ̀ wa ni. Àwa tí à ń pín ìròyìn ìràtà káàkiri láàárọ̀ lálẹ́, tí a ò sọ fún un rí pé iṣẹ́ ìwé ńlá wà láàárín “wọ́n ní” àti jẹ́sì.

Ẹ jẹ́ ká wo ìwé ọ̀hún. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, bí mo sì ṣe ń wo kóòdù náà ni mo ṣe ń wo òfin: kí ló ń wọlé, kí ló ń ṣírò, kí ló ń jáde? Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021, lẹ́yìn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, FA wọn ti ń lo òfin pọ́ìǹtì fún agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè, ì báà jẹ́ ọmọ Sípéènì, ì báà jẹ́ ọmọ Ìkálẹ̀. Tí o bá ti ń gbá èyí tó pọ̀ tó nínú bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ àgbà orílẹ̀-èdè rẹ, tí orílẹ̀-èdè náà sì wà láàárín 50 àkọ́kọ́ lórí àtẹ FIFA, ìlẹ̀kùn á ṣí fún ọ tààrà. Bí ipò orílẹ̀-èdè rẹ bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni iye bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń retí pé o gbá ṣe ń pọ̀ sí i. Tí ìyẹn ò bá sí, wàá kó pọ́ìǹtì 15 jọ.

Kí ni wọ́n ń fún lẹ́ni ní pọ́ìǹtì? Líìgì tí ẹgbẹ́ rẹ wà. Ìṣẹ́jú tí o lò lórí pápá nínú líìgì náà. Ipò tí ẹgbẹ́ rẹ parí sí. Bọ́ọ̀lù tí o gbá nínú ìdíje àárín orílẹ̀-èdè. Wọ́n pín àwọn líìgì ayé sí ìpele mẹ́fà. Líìgì àgbà Jámánì, Sípéènì, Ítálì àti Faransé wà ní ìpele kìíní, pọ́ìǹtì ibẹ̀ sì pọ̀ yàfùnyàfùn. NPFL tiwa wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n kó gbogbo líìgì tí wọn ò dárúkọ jọ sí. Ìṣẹ́jú 90 tí ọmọ kan fi sáré fún Sunshine Stars l'Ákùúrẹ́ àti ìṣẹ́jú 90 tí ẹlòmíì fi sáré ní Berlin, wọn ò gbé ìwọ̀n kan náà lójú òfin yẹn. Lọ́dún 2023, wọ́n ṣí ọ̀nà mìíì sílẹ̀ fún ìwọ̀nba agbábọ́ọ̀lù tí kò tó pọ́ìǹtì 15, ó sì pọ̀ jù, mẹ́rin ni ẹgbẹ́ kan lè ní. Ọ̀nà yẹn náà ń béèrè ẹ̀rí pé o ti gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje tí wọ́n mọ̀. Kò síbi tí wọ́n ti béèrè fídíò WhatsApp.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó yẹ kí wọ́n kọ sára ògiri gbogbo pápá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Àkọ́kọ́: ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ ló ń kọ̀wé sí FA fún ìfọwọ́sí yẹn. Ìwọ kọ́, ìyá rẹ kọ́, ejẹ́ǹtì kankan kọ́. Ẹni tó bá ní kó o wá sanwó kí òun bá ọ gba work permit, olè ni. Èkejì: òfin FIFA kò gbà kí wọ́n ra ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, àfi nínú ìwọ̀nba nǹkan díẹ̀, bíi kí òbí rẹ̀ kó lọ síbẹ̀ fún ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Ẹ̀kẹta: láti oṣù kẹwàá ọdún 2023, FIFA ti ní kí ejẹ́ǹtì gba láísẹ́ǹsì, orúkọ àwọn tó ní in sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó tí agbábọ́ọ̀lù bá ń gbà lẹ́nu iṣẹ́ ni ejẹ́ǹtì gidi ti ń gba tiẹ̀. Owó púpurú ò sí níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, ẹ wo Taiwo Awoniyi, ọmọ Ìlọrin. Ó wà lára àwọn tó gba ife àgbáyé ọ̀jẹ̀-wẹ́wẹ́ tí ọjọ́ orí wọn ò ju 17 lọ fún Nàìjíríà lọ́dún 2013. Liverpool rà á lọ́dún 2015. Èyí kì í ṣe àhesọ o, ó tọwọ́ bọ̀wé, Liverpool fúnra wọn kéde rẹ̀. Síbẹ̀ kò lè gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí pé kò rí ìwé àṣẹ iṣẹ́ gbà. Wọ́n yá a fún Frankfurt, wọ́n yá a fún Nijmegen, ó lọ Mouscron lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ Gent, ó lọ Mainz, ó lọ Union Berlin. Ọdún mẹ́fà gbáko! Ọdún 2021 ni ìwé náà tó jáde, lábẹ́ òfin pọ́ìǹtì, lẹ́yìn tó ti gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì àgbà Jámánì. Liverpool tà á fún Union Berlin lọ́dún yẹn kan náà, kò wọ jẹ́sì wọn nínú ìdíje rí. Nottingham Forest gbé e padà wá lọ́dún 2022, lóṣù kẹwàá ọdún náà, òun ló gbá góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n fi na Liverpool.

Tí Liverpool, pẹ̀lú gbogbo owó àti lọ́yà wọn, ò bá lè fi ẹnu gba ìwé yẹn fún ọmọ tó ti gba ife àgbáyé, báwo ni ọkùnrin tí ẹ ò mọ ilé rẹ̀ ṣe máa gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì?

Ẹnì kan lè sọ pé, “Òfin yìí fúnra ẹ̀ ò dáa, kí lẹ wá ń kì í fún?” Mo gbà pé kò dáa tó. Ìlú London ni wọ́n bí Ademola Lookman àti Bukayo Saka sí. Orúkọ Yorùbá ni wọ́n ń jẹ́ bíi ti Awoniyi, kò sì sẹ́ni tó béèrè ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ibi tí wọ́n bí ọ sí àti líìgì tó o wà ló ń sọ̀rọ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ tó la ẹnu. Ó dùn mí. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ bá òfin jà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Tí a bá mọ̀ ọ́n, a ó rí i pé ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ ni líìgì wa, a ó sì bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń darí bọ́ọ̀lù wa ìdí tí NPFL fi wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àhesọ kì í jẹ́ ká béèrè. Ó kàn ń sọ pé ká dúró de ìròyìn ayọ̀.

Àwa ará Òde-Ìrèlè ló sì yẹ kó kọ́kọ́ sá fún àhesọ. Ṣé ẹ rántí oṣù kẹrin ọdún 2015? Orí ń fọ́ àwọn èèyàn, ojú wọn ń fọ́, wọ́n ń kú láàárín ọjọ́ kan. Wọ́n ní Malókun ló ń bínú. Wọ́n ní oògùn apakòkò ni. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tán, methanol inú ògógóró ni. Ẹni tó bá gbà pé òrìṣà ló ń pààyàn kò ní ìdí kankan láti gbé ife sílẹ̀. Bí àhesọ ṣe ń ṣọṣẹ́ nìyẹn: ó máa ń jẹ́ ká ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí olè ò gbà wọlé.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà mìíì tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi “wọ́n ní” ránṣẹ́ sáwọn àbúrò yín, ẹ fi ìbéèrè méjì tì í lẹ́yìn: ẹgbẹ́ wo ló kọ̀wé? Pọ́ìǹtì mélòó ni agbábọ́ọ̀lù náà ní? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù, ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ yín àti orúkọ àwọn ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù. Tí wọ́n bá fowó ra ọmọ yẹn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn lọ́la, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Nínú mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn, 50,000 nìyẹn. Ẹgbẹ́ tí kò sí lákọsílẹ̀ kò ní rí kọ́bọ̀.

Ọmọ àdúgbò wa yẹn ti wà ní ẹgbẹ́ tó ní àkọsílẹ̀ báyìí. Bóyá ó máa dé Yúróòpù, mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìyá rẹ̀ ṣì ń ta púpurú kó lè fi gba oko ọ̀pẹ yẹn padà.