Apá Kejì, Àbí Kóńgò Tí A Lu Ìdí Rẹ̀ Wọlé?



Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kà sí ọ̀rọ̀ eré, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá. Kò sí ẹni tí kò mọ kóńgò lọ́jà. Gbogbo wa la sì mọ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tí àwọn tí kò bẹ̀rù Ọlọ́hun ń dá sí i: wọn a lu ìdí rẹ̀ wọlé, kí gààrí tí yóò gbà lè dín kù, kí ojú oníbàárà sì máa rí i bí ẹni pé ó kún dẹ́nu. Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí tó bẹ́ẹ̀ tí odidi súrà kan, ìkẹtàlélọ́gọ́rin, fi ń jẹ́ orúkọ wọn. Ohun tí mo ń sọ lónìí ni pé kóńgò yìí ti wọ inú ìtàn tí a ń tà fún àwọn ọmọ wa nínú fíìmù àti nínú eré géèmù. Apá kejì ni wọ́n ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí fíìmù Yorùbá bọ́ sórí káṣẹ́ẹ̀tì fídíò ní òpin àwọn ọdún 1980, tí ó sì tún bọ́ sórí àwo VCD lẹ́yìn náà, àyè ló kọ́kọ́ dá apá kejì sílẹ̀. Àwo kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ. Fíìmù wákàtí méjì kò lè wọ inú rẹ̀. Dandan ni kí ó di méjì. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àìsí àyè bí, ojúkòkòrò ló gbà á tọ́. Ìtàn tí kò ju wákàtí kan lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á bí ẹni fa rọ́bà, kí ó lè di àwo méjì, kí a lè sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dùn jù, tí ìyá ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu láti dárúkọ bàbá ọmọ, ibẹ̀ ni ojú tẹlifíṣàn yóò ti ṣókùnkùn, tí àkọlé yóò yọ pé kí a máa retí apá kejì.

Apá kejì wá dé tán, kí la bá níbẹ̀? Olórí eré jókòó sórí àga, ó gbójú sókè, àwòrán di funfun bí èéfín, orin arò bẹ̀rẹ̀, a sì tún ń wo ọjọ́ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ pàdé, èyí tí a ti wò ní apá kìn-ín-ní. Lẹ́yìn náà ó wọ ọkọ̀, a wò ó títí ó fi dé ibi tí ó ń lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn, a dúró tì í títí wọ́n fi ṣí i. Ọ̀nà kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń mú wa lọ ló ń yí wa po.

Lóde òní, ọjà ti kúrò lórí àwo, ó ti bọ́ sórí YouTube, ṣùgbọ́n kóńgò kò yí padà. Ìpolówó ọjà ni owó ibẹ̀ ti ń wá. Láti oṣù Keje ọdún 2020, fídíò tí ó bá ti tó ìṣẹ́jú 8 ni wọ́n lè ki ìpolówó bọ àárín rẹ̀; ìṣẹ́jú 10 ni tẹ́lẹ̀. Bí fídíò bá ṣe gùn sí i ni àyè ìpolówó ń pọ̀ sí i. Ẹni tó ń fa ìtàn gùn ń gbowó, ọmọ wa tó ń wò ó ń fi owó dátà àti àkókò rẹ̀ san án. Àkókò sì rèé, àmánà ni. A ó bi wá léèrè rẹ̀ lọ́la.

Àwọn kan a máa sọ pé ìbojúwẹ̀yìn gan-an ni ẹ̀bi, pé àwọn baba wa kì í sọ ìtàn bẹ́ẹ̀, pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni wọ́n ń lọ tààrà, àti pé lọ́wọ́ òyìnbó la ti kọ́ ọ. N kò gbà. Kí ni oríkì bí kì í bá ṣe ìbojúwẹ̀yìn? D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Nígbà tí Igbó Olódùmarè tẹ̀ lé e ní ọdún 1949, kò lọ síwájú, ẹ̀yìn ló lọ: láti orí Àkàrà-ògùn, ó padà sórí Olówó-ayé, bàbá rẹ̀. Ta ló kà á tí ó ní wọ́n rẹ́ òun jẹ? Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àgbà kì í wo ẹ̀yìn nítorí àtilo àkókò. Ohun tó gbé e ṣubú ló ń wá.

Kí á má fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun wé fíìmù o, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú bí Àlùkùránì ṣe ń sọ ìtàn. Nínú Súrà Tọ́ọ̀há, Ọlọ́hun rán Ànábì Músá sí Fìríáónà. Ó tọrọ ìgbòòrò àyà, ó tọrọ pé kí kókó ahọ́n òun tú, ó tọrọ Hárúnà arákùnrin rẹ̀ ní olùrànlọ́wọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn ti padà sẹ́yìn, sí ìgbà tí ìyá rẹ̀ gbé e sínú àpótí, tí ó sì jù ú sínú odò. Èé ṣe tí ó fi jẹ́ ibẹ̀? Nítorí pé ẹni tí ẹ̀rù iwájú ń bà ní láti rántí ẹni tó kó o yọ lẹ́yìn. Ìbojúwẹ̀yìn náà ṣiṣẹ́ kan tí kò sí ohun mìíràn tí ì bá ṣe é.

Ẹ tún wo ti Ànábì Yúsúfù, ìtàn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlá, tí ó sì parí sí ìmúṣẹ àlá náà, nínú súrà kan ṣoṣo tí ó ní áyà 111. Ọdún mélòó kan tó lò sí i nínú ẹ̀wọ̀n, gbólóhùn kan ló gbé e kọjá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀wù rẹ̀ kò yára kọjá: ẹ̀mẹta ni ẹ̀wù yọjú, èyí tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ irọ́ kùn, èyí tó ya lẹ́yìn, àti èyí tó la ojú bàbá rẹ̀. Nígbà tí àwọn arákùnrin rẹ̀ sì dúró níwájú rẹ̀ ní Íjíbítì láìdá a mọ̀, kò rò ó fún wọn láti orí kànga. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wọ́n nípa ohun tí wọ́n ṣe fún Yúsúfù, gbogbo ẹ̀yìn sì padà dé. Ibi tí ó yẹ kí a yára, a yára. Ibi tí ó yẹ kí a dúró, a dúró. Ìyẹn ni ìrìn ìtàn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé kò ṣeé ṣe fún àwọn tó ń ṣe fíìmù. Túndé Kèlání gbé Ṣaworoidẹ jáde ní ọdún 1999, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́. Ìtàn náà parí pátápátá: Làgàtà ológun dé adé idẹ, ṣaworoidẹ dún, ó kú. Bí kò bá sí apá kejì, ẹnikẹ́ni kò ní gbèsè. Ṣùgbọ́n nígbà tí Agogo Èèwọ̀ dé ní ọdún 2002, ìbéèrè tuntun ló gbé wá: bí ọba búburú bá lọ, àwọn ìjòyè tó bá a jẹun ńkọ́? Ológun ti kúrò lórí oyè ní orílẹ̀-èdè wa nígbà náà, ìbéèrè yẹn sì wà lọ́kàn gbogbo ènìyàn. Lóòótọ́, ohun tí wọ́n fi búra níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí Mùsùlùmí lè fi búra. Ọgbọ́n ìtàn là ń sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ta géèmù náà, ẹ gbọ́ tiyín. Ilé iṣẹ́ Naughty Dog ní Amẹ́ríkà gbé The Last of Us jáde ní ọdún 2013, ìkejì rẹ̀ sì dé ní ọdún 2020. Àgbàlagbà ni wọ́n ṣe é fún, nítorí ìpànìyàn pọ̀ nínú rẹ̀; ẹ má fi lé ọmọdé lọ́wọ́. Ní apá kìn-ín-ní, Joel pa dókítà kan kí ó lè gba Ellie, ọmọbìnrin tí ó mú bí ọmọ, là. Ní ìbẹ̀rẹ̀ apá kejì, Abby, ọmọ dókítà yẹn, pa Joel. Ellie dìde láti gbẹ̀san. Lẹ́yìn tí Joel ti kú ni a tó rí ọjọ́ tí ó mú Ellie lọ wo ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí fún ọjọ́ ìbí rẹ̀; ẹ̀rín wọn níbẹ̀ ló ń pani lẹ́kún, kì í ṣe orin. Nígbà tí Ellie àti Abby wá kojú ara wọn, géèmù náà dúró, ó padà sẹ́yìn ní ọjọ́ mẹ́ta, ó sì fi Abby lé ẹni tó ń ta á lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ló bínú pé ìtàn dúró nígbà tó ń hó lọ́wọ́, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó gùn jù. Ṣùgbọ́n ó nídìí: ohun tó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Ìgbà tí ìtàn fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ni a tó mọ̀ pé ní alẹ́ tó ṣáájú ikú Joel, Ellie sọ fún un pé òun yóò gbìyànjú láti dárí jì í. Ìbojúwẹ̀yìn kan yẹn yí ìtumọ̀ gbogbo ẹ̀san náà padà.

Àwọn oníṣòwò yóò dá wa lóhùn pé, "Owó la fi ṣe é. Òṣèré ń gbowó, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo, àwọn olè sì ń ṣe àdàkọ iṣẹ́ wa." Òótọ́ ni. Ẹ̀sìn wa ló ní kí a tètè san owó alágbàṣe, ẹni tó bá sì ń ṣe àdàkọ iṣẹ́ oníṣẹ́ tà, olè ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ìjọ wa. Ṣùgbọ́n ìrẹ́jẹ kì í ṣe oògùn olè. Wọ́n tún ní ohun tí ará ọjà ń béèrè ni àwọn ń tà. Ta ló lọ sọ́jà lọ béèrè kóńgò tí kò kún? Ìtàn la béèrè.

Ẹ̀yin òbí, ẹ yé sọ pé gbogbo rẹ̀ ni ìranù kí ẹ sì padà lọ sùn. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ kọ́ wọn láti bi apá kejì tó bá dé ní ìbéèrè mẹ́ta yìí. Èkínní: ṣé apá kìn-ín-ní parí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, àbí ṣe ni wọ́n gé e bí okùn? Èkejì: bí a bá yọ ìbojúwẹ̀yìn yìí kúrò, kí ni yóò sọnù? Ẹ̀kẹta: ẹkún tí mo sun yìí, ìwà ẹni inú ìtàn ló pa mí lẹ́kún ni, àbí fèrè àti dùùrù? Èyí tí kò bá lè dáhùn, ẹ pa á. Ẹ má retí apá kẹta rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ọyẹ́ ní ọdún 2011, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ ilé tí ẹ ti ń fi fóònù ya eré, ẹ̀yin ni yóò sọ ìtàn wa lọ́la. Ẹ tún ìdí kóńgò yín ṣe kí ẹ tó gbé e dé ọjà. Ìṣẹ́jú ogún tí ó kún sàn ju wákàtí mẹ́rin tí inú rẹ̀ ṣófo lọ.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní òṣùwọ̀n tí ó pé lọ́wọ́, lẹ́nu àti nínú iṣẹ́ wa. Àmín.