Kẹ́ Ẹ Tó Sanwó Bọ́ọ̀dù Yẹn, Ẹ Bi Wọ́n Léèrè

Ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú wa ni mo fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀, mo tiẹ̀ ti gbé bírò lé ìwé, àmọ́ ohun tójú mi rí lọ́jọ́ Sátidé ló jẹ́ kí n fi wọ́n sílẹ̀ ná. Àwọn olóṣèlú kúkú ń bẹ níbẹ̀, wọn ò níí lọ síbì kan.

Obìnrin kan wà ládùúgbò wa, aṣọ ló ń tà. Ọmọkùnrin ẹ̀ kan ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án báyìí, kò tíì pe "Mọ́mì" rí láyé ẹ̀. Kì í ṣe pé etí ẹ̀ di o. Tẹ́ ẹ bá ja ọ̀rá bisikíìtì nínú yàrá, ibi tó wà níta lọ́hùn-ún ló ti máa gbọ́. Ọ́tísíìmù làwọn dókítà pe nǹkan tó ń ṣe é. Àwọn ẹbí ọkọ náà ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, ẹ̀yin náà sì mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gbé ọmọ yìí dé orí òkè àdúrà, wọ́n ti rọ ọ́ lágbo yó, àfìgbà tí ìyá ẹ̀ gbọ́ pé ilé-ìwé aládàáni kan wà tó ń gba irú wọn, ló bá mú un lọ síbẹ̀.

Ìwé tí ilé-ìwé yìí kọ sáwọn òbí ló mú wá bá mi pé kí n bá òun kà. Wọ́n ní kí òbí kọ̀ọ̀kan dá N80,000, àwọn fẹ́ẹ́ ra sìmáàtì bọ́ọ̀dù, irú èyí tí wọ́n ń lò nílùú òyìnbó, àti pé tó bá ti dé, àwọn ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo dánu dúró sí. Àjọ tí obìnrin yìí máa kó lóṣù yẹn ló fẹ́ kó lé wọn lọ́wọ́, owó ọjà ẹ̀ sì ni. Ó wò mí lójú, ó ní, "Bọ̀dá oníwèé ìròyìn, ṣé lóòótọ́ ló máa sọ̀rọ̀?"

Mi ò mọ èsì tí mo lè fún un. Mo ní kó fún mi lọ́jọ́ mẹ́ta.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ pè ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń gbé ní Peckham, ní London. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ tíṣà nílé-ìwé àwọn ọmọ àkàndá lọ́hùn-ún. Irú iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n máa tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ àti arúgbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé báńkì ni wọ́n máa ń sọ fún wa nílé pé àwọn wà. Mo ní, "Àǹtí mi, bọ́ọ̀dù yìí, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ fáwọn ọmọ yẹn?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ o. Ta lo fẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún?"

Kẹ́ ẹ lè mọ ohun tí à ń sọ, pátákó funfun ni nǹkan yìí. Wọ́n á so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, pùròjẹ́tọ̀ á wá máa tan ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sí i lára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ìgbà téèyàn ń wo sinimá lásán. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan àwòrán màlúù lára ẹ̀, màlúù á ké. Tẹ́ ẹ bá fìka wọ́ ọsàn lọ síbi agbọ̀n, ọsàn á tẹ̀ lé yín. Tọkọtaya kan, David Martin àti Nancy Knowlton, ló dá ilé-iṣẹ́ SMART sílẹ̀ ní Calgary, ní Kánádà, lọ́dún 1987, nígbà tó sì di 1991, wọ́n gbé bọ́ọ̀dù wọn àkọ́kọ́ jáde. Ibẹ̀ lorúkọ táà ń pè é ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe é báyìí. Àwọn tó ń jáde lóde òní ò tiẹ̀ nílò pùròjẹ́tọ̀ mọ́, bíi tẹlifíṣàn ńlá ni wọ́n rí.

Àǹtí mi ní ọmọ kan wà ní kíláàsì àwọn, ọmọ tí kì í wojú èèyàn. Tí tíṣà bá ń pè é, bí ẹni tí kò gbọ́ ni. Láràárọ̀, wọ́n á to àwòrán gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà sójú bọ́ọ̀dù: bàtà fún eré ìta, àwo fún oúnjẹ, mọ́tò fún ìgbà tí wọ́n fẹ́ẹ́ lọ sílé. Tí wọ́n bá ti ṣe ọ̀kan tán, ọmọ yìí á dìde fúnra ẹ̀, á lọ fọwọ́ kàn án, àwòrán yẹn á parẹ́, á wá wo èyí tó kàn. Ó ní kó tó di pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹkún ni gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ẹ́ kúrò nínú yàrá kan bọ́ sí òmíì, torí ọmọ ò mọ ibi tí wọ́n ń mú òun lọ.

Mo ní, "Ṣó wá ń sọ̀rọ̀?"

Ó ní, "Rárá o. Ọdún mẹ́ta la jọ wà, kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Àmọ́ kò sunkún mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, nítorí ó yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ọjọ́sí. Bọ́ọ̀dù ò la ẹnu ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣe ni pé nígbà tí ọmọ náà fọwọ́ kan nǹkan, nǹkan dá a lóhùn, lójú ẹsẹ̀, bákan náà lójoojúmọ́. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀dá èèyàn máa ń rú wọn lójú. Lónìí a rẹ́rìn-ín, lọ́la a jágbe.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, àǹtí mi ló ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ó ní kì í ṣe gbogbo bọ́ọ̀dù ló mọ ìka èèyàn. Èyí kan wà tí wọ́n fi awẹ́ méjì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe, tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, awẹ́ méjèèjì á kanra, ìyẹn ló fi ń mọ ibi tọ́wọ́ wà. Ìka ni o, ìgbọ̀nwọ́ ni o, bọ́ọ̀lù ni o, á dáhùn. Èyí kan sì wà tó jẹ́ pé bírò tiẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ọmọ tí ọwọ́ ẹ̀ ká kò, tí kò lè di bírò mú, á máa fẹ̀yìn ọwọ́ gbá a gbàmù gbàmù, kò níí dá a lóhùn. Ẹ wo irú ìyà yẹn! Ẹ̀kẹta, iná tójú ò lè rí ló ń gba iwájú ẹ̀ kọjá, ohunkóhun tó bá gé iná yẹn, á ní ọwọ́ ni. Ọmọ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ràn án dáadáa á fara tì í kó má baà ṣubú, apá ẹ̀wù ẹ̀ á ti tẹ nǹkan mẹ́rin kí ìka ẹ̀ tó débẹ̀.

Ó ní èyí tó máa ń dun òun jù ni ìgbà tí wọ́n bá sún pùròjẹ́tọ̀ díẹ̀ kúrò láyè ẹ̀, tẹ́nìkan ò wá tún un tò. Ọmọ á fọwọ́ kan ajá, ológbò ni yóò ké. Èmi àtẹ̀yin á mọ̀ pé ẹ̀rọ ló ṣìnà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ pé tóun bá ṣe báyìí, báyìí ló máa rí, á gbà pé òun lòun ṣìṣe. Ó lè má súnmọ́ ibẹ̀ mọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ò tíì wá sọ ti àwọn tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ, tí wọ́n gbé bọ́ọ̀dù kọ́ sókè réré, ibi tí ọwọ́ tíṣà nìkan lè dé.

Àwọn adití ńkọ́? Èmi ò rò ó débẹ̀ rí. Téèyàn bá fẹ́ kí àwòrán pùròjẹ́tọ̀ hàn dáadáa, ó máa ní kí wọ́n fa kọ́tìnì, kí wọ́n paná. Bẹ́ẹ̀, ojú ladití fi ń gbọ́rọ̀! Tí yàrá bá ṣókùnkùn, báwo ló ṣe máa rí ọwọ́ tí tíṣà fi ń sọ̀rọ̀? Láti ọdún 1960 tí Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà tóun náà jẹ́ adití, ti dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ n'Íbàdàn ni wọ́n ti ń fọwọ́ kọ́ ọmọ nílẹ̀ yìí, ìmọ́lẹ̀ sì ni iṣẹ́ yẹn fẹ́. Ọmọ tí kò ríran rárá, ògiri lásán ni bọ́ọ̀dù yìí lójú tiẹ̀. Bíréélì tó máa fọwọ́ tẹ̀ ló ń wá. Ọmọ tó ní wárápá sì ńkọ́? Ó níwọ̀n ìgbà tí iná bá ń ṣẹ́jú wìrìwìrì lójú bọ́ọ̀dù, ó lè gbé e ṣánlẹ̀.

Ohun tó wá ń bí mi nínú rèé. Àwọn òyìnbó fúnra wọn ti ná owó yìí ṣáájú wa. Láyé ìjọba Tony Blair, láàárín 2003 sí 2004, wọ́n rọ́ owó sórí bọ́ọ̀dù nílé-ìwé kárí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 2007, àwọn olùwádìí Institute of Education, ní London, tí Gemma Moss ṣíwájú wọn, lọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láwọn ilé-ìwé girama London, wọn ò sì rí i pé bọ́ọ̀dù ọ̀hún mú kí èsì ìdánwò àwọn ọmọ gòkè sí i. Àwọn ọmọ ilé-ìwé gbogbogbòò nìyẹn o. Tó bá wá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí fáwọn tára wọn dá ṣáṣá, ta ló sọ fún ilé-ìwé kan l'Ékòó pé ó máa jẹ́ kí ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀? Ọlọ́jà ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa.

Ká sì wá sọ tiwa. NEPA ti yí orúkọ padà lọ́dún 2005, wọ́n ti tà á fáwọn aládàáni lọ́dún 2013, àmọ́ NEPA náà la ṣì ń pè é, òkùnkùn ò sì yí orúkọ padà ní tiẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé ohun tó ń fẹ́ ni kí nǹkan máa rí bákan náà lójoojúmọ́, ó ń fọwọ́ wọ́ ọsàn lọ síbi agbọ̀n, iná lọ! Ọsàn ò sí mọ́, agbọ̀n ò sí mọ́. Kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, ọmọ ti ń gbá orí mọ́lẹ̀. Ṣé wọ́n ti ra bátìrì tó máa gbé e? Ìwé yẹn ò sọ̀rọ̀ bátìrì, kò sọ̀rọ̀ tíṣà. Bẹ́ẹ̀ àwọn tíṣà wà o, látọdún 1977 nijọba àpapọ̀ ti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún kíkọ́ wọn, tó wà l'Ọ́yọ̀ọ́ báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Òfin àwọn akàndá ẹ̀dá tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2019 sọ pé ọ̀fẹ́ lẹ̀kọ́ wọn títí dé girama. Lagos ti ṣe tiẹ̀ ṣáájú, lọ́dún 2011. Òfin wà nínú ìwé, N80,000 wà nínú ìwé, ìyá ọmọ ló ń ka méjèèjì.

Lọ́jọ́ kẹta, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún obìnrin yìí bí mo ṣe gbọ́ ọ. Mo ní kó lọ bi wọ́n bóyá ìka ni bọ́ọ̀dù wọn mọ̀ tàbí bírò, báwo ni wọ́n ṣe máa gbé e ga tó, ta ni wọ́n máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ tíná bá lọ. Ó lọ lóòótọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé náà kọ́kọ́ gbójú mọ́ ọn, ó pè é ní ìyá oníbèéèrè, àmọ́ nígbà tó yá, ó jẹ́wọ́ pé ọjọ́ kan ṣoṣo lẹni tó fẹ́ẹ́ tà á fún àwọn ní òun máa fi kọ́ àwọn tíṣà. Ó lóun ò tiẹ̀ mọ̀ pé èyí tó ń lo bírò yàtọ̀ sí èyí tó mọ ìka. Ó ní òun máa padà lọ bi í.

Obìnrin yìí ti san ìdajì owó náà. Mi ò bá a jà. Ta ni màá bá jà, ẹni tó ń wá ohùn ọmọ ẹ̀? Ìdajì yòókù ló ní ó di ìgbà tóun bá fojú ara òun rí i pé ọwọ́ ọmọ òun dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n àǹtí mi ti sọ ohun kan tá a lè ṣe láìdúró de bọ́ọ̀dù. Obìnrin yìí gé páálí ìndómì sí wẹ́wẹ́, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ fọ́tò ohun tó wà nílé mọ́ ọn: omi, búrẹ́dì, bàtà, ṣáláńgá. Tọ́mọ bá fa aṣọ ẹ̀, tó ń kùn, á gbé àwọn páálí náà síwájú ẹ̀, á mú ọwọ́ ẹ̀ lé ọ̀kan, á sì fún un ní nǹkan yẹn lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ṣe é, ọmọ ń ju páálí nù. Lọ́jọ́ kejìlá, ó ń ka owó ọjà lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan kan bọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ó wolẹ̀, páálí búrẹ́dì ni.

Kò sì sí búrẹ́dì nílé lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ò rántí wọ bàtà tóun fi sáré jáde lọ rà á.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.