Ọwọ́ Tó Ń Tẹ̀wé Náà Ń Fẹ́ Ìsinmi



Tí a bá ní iṣẹ́ ń bá ọwọ́ jà, iṣẹ́ gàrí àti iṣẹ́ oko la máa ń rò. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, a ó ní, "Ó jókòó sábẹ́ fáànù, kí ló ń ṣe é?" Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwọn ọmọ wa tó ń tẹ ìwé ọkọ̀ ẹrù ní ẹnubodè, àti àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé. Láti àárọ̀ dalẹ́, ìka wọn ò sinmi. Tó bá di òru, ọwọ́ á kú, á máa ta wọ́n bí abẹ́rẹ́, wọ́n á jí, wọ́n á máa gbọn ọwọ́.

Àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè di ẹ̀sùn ru ará ilé. Iṣan tó ń jẹ́ kí ọwọ́ mọ ohun tó fara kàn án ń gba ọ̀nà tóóró kan kọjá ní ọrùn ọwọ́, àwọn iṣan mẹ́sàn-án tó ń fa ìka náà ń bá a gba ibẹ̀. Tí ibẹ̀ bá wú, wọ́n á fún un mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ló ń kú, tí ìka kékeré kì í sí níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà nìkan kọ́ o: ẹni tó ń rin gbágùúdá, aboyún, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà náà lè ní in.

Ìrora ọwọ́ akọ̀wé kì í ṣe tòní. Ní 1713, nígbà tó jẹ́ kálámù ni wọ́n ń lò, dókítà Bernardino Ramazzini ní Ítálì ti kọ ọ́ pé ìjókòó ojú kan, ìka tí kì í dúró, àti ìbẹ̀rù àṣìṣe ló ń fà á.

Kí ni ká ṣe? Kí ọrùn ọwọ́ tọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí tábìlì. Tí tábìlì bá ga, ẹ ká aṣọ sórí àga kí ìgbọ̀nwọ́ lè bá a dọ́gba. Lẹ́yìn ààbọ̀ wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ dìde, ẹ na ìka. Títẹ tẹlifóònù kì í ṣe ìsinmi o!

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí: ọmọ iṣẹ́ ò lè sinmi tí ọ̀gá ò bá gbà. Ẹ̀yin ọ̀gá, tí ẹ̀rọ bá gbóná, ẹ máa ń pa á kó tutù. Ọwọ́ èèyàn ńkọ́? Ẹ̀rọ bàjẹ́, a ra òmíràn. Ẹ̀yin òbí, tí ẹ bá ń mú ọmọ lọ síbi iṣẹ́, ẹ wo àga tó máa jókòó lé pẹ̀lú.

Tí ọwọ́ bá ń kú lọ́sẹ̀ mélòó kan, tàbí tí nǹkan bá ń bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi okùn fún un. Tó bá pẹ́ jù, ẹran ìdí àtàǹpàkò á rù, agbára rẹ̀ sì lè má padà mọ́. Ṣùgbọ́n tí apá kan ara bá kú lójijì, tí ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ gbé onítọ̀hún lọ lójú ẹsẹ̀.

Nínú ẹgbẹ́ yín lálẹ́ òní, ẹ bi ara yín: ta ni ọwọ́ ń kú fún lóru nílé wa tí kò tíì sọ?