Ẹ Jẹ́ Kí Kọ́kọ́rọ́ Fáìlì Wa Wà Lọ́wọ́ Wa

Sí Ẹ̀yin Gómìnà Ìpínlẹ̀ Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà Ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà, àti Ẹ̀yin Olórí Òṣìṣẹ́ Ìjọba:

Ọdún 31 ni mo fi ṣe akọ̀wé ní rẹ́jísírì, níbi tí fáìlì ìjọba ń gbà wọlé, tó ń gbà jáde. Mo ti rí opó tó wá béèrè owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀, tí a ní kó máa lọ kó padà wá, oṣù wọ oṣù, nítorí ojú ìwé kan ṣoṣo tí a wá tì. Ojú rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Nítorí rẹ̀ ni inú mi fi dùn pé fáìlì, sẹ́kúlà àti mẹ́mò ti lè wà lórí ìkànnì abẹ́lé báyìí, èyí tí òṣìṣẹ́ nìkan ń wọ̀. Ṣùgbọ́n ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń darí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mẹ́rin lẹ́nu mi.

Èkíní, ẹ yan èyí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ wa. Ilé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ bíríkìlà, a kò tíì ní ilé. Mo mọ ọ́fíìsì kan tí agbaṣẹ́ṣe rẹ̀ bá tirẹ̀ lọ pẹ̀lú pásíwọọ̀dù. Iṣẹ́ ọdún méjì ni àwọn akọ̀wé tún jókòó tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni Drupal, WordPress àti Joomla, a sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti tú inú wọn wò, kó tún wọn ṣe. Lórí Drupal ni ìjọba Ọsirélíà kọ́ govCMS lé fún àwọn iléeṣẹ́ ìjọba wọn. White House, ọ́fíìsì ààrẹ Amẹ́ríkà, pàápàá lo Drupal fún ìkànnì rẹ̀ láti 2009 kó tó kó lọ sórí WordPress ní 2017. Ẹ jẹ́ kó wà nínú àdéhùn pé agbaṣẹ́ṣe yóò kó gbogbo pásíwọọ̀dù àti ẹ̀dà gbogbo fáìlì lé ìjọba lọ́wọ́ kó tó gba owó tó gbẹ̀yìn.

Èkejì, ẹ ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀ nínú ètò ìṣúná lọ́dọọdún. Ohun ọ̀fẹ́ náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2025 ni àwọn tó ń ṣe Drupal dáwọ́ àtúnṣe ààbò dúró lórí ẹ̀dà keje rẹ̀. Ẹni tí kò bá kúrò níbẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè. Òṣìṣẹ́ ìjọba tiwa ni kí ẹ kọ́ níṣẹ́ náà.

Ẹ̀kẹta, ẹ dán orúkọ wa wò nínú ètò náà. Nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà bí ọ́ tàbí ẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀. Ńṣe la ń so àmì mọ́ lẹ́tà, ọ̀nà tí a ń gbà so ó sì ju ẹyọ kan lọ. Ohun tó jọra lójú wa lè yàtọ̀ lójú ẹ̀rọ. Bákan náà, bí akọ̀wé kan bá kọ Mosúnmọ́lá sílẹ̀, tí òmíràn wá tẹ Mosunmola, ètò tí a kò dán wò lè ní òun kò rí i. Opó yẹn á tún padà sílé lófo.

Ẹ̀kẹrin, ẹ pe àwọn tí yóò lò ó. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ gbé ètò méjì tàbí mẹ́ta ka iwájú àwọn akọ̀wé fún oṣù mẹ́ta, lórí fóònù wọn, lọ́jọ́ tí iná kò sí àti lọ́jọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì ń fà. Kí wọ́n wá ìwé kan, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Akọ̀wé Àgbà, kí wọ́n sì wo ẹni tó ṣí i kẹ́yìn. Ìdí ni pé Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, ọdún 2023, ní kí a ṣọ́ ọ̀rọ̀ ara ẹni. Fáìlì àìsàn òṣìṣẹ́ kì í ṣe ohun tí gbogbo ọ́fíìsì ń ṣí wò.

Ẹ̀yin tí a fi ìlú lé lọ́wọ́, àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ́jísírì kò mọ Drupal, kò sì pọn dandan kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n fẹ́ kí a rí fáìlì wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe é fún wọn.

Èmi ni, akọ̀wé rẹ́jísírì tó ti fẹ̀yìntì.