Òṣùwọ̀n Èké Inú Fóònù

Ẹni tó bá ti ná ọjà rí ní Mọ́níyà, ní Lálúpọn, ní Erunmu tàbí ní Àkànràn mọ ohun tí à ń pè ní kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹni tó ń ta gàrí yóò wọ̀n ọ́n kún, yóò bù lé e, yóò sì máa fi orúkọ Jésù búra lé e lórí. Nígbà tí ẹ bá délé tí ẹ fi kóńgò tiyín tún un wọ̀n, ẹ óò rí i pé kò pé. Ìwé Òwe orí 11 ẹsẹ kìíní jẹ́ ká mọ̀ pé Olúwa kò fẹ́ rí irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ sójú. Wòlíì Ámósì náà, ní orí kẹjọ ìwé rẹ̀, bá àwọn oníṣòwò ìgbà tirẹ̀ wí nítorí pé wọ́n ń dín ọjà kù, wọ́n sì ń bu owó lé e.

Kóńgò tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí kò sí lọ́jà. Inú fóònù ló wà. Tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, àwọn eré tí àwòrán èso, nọ́ńbà 7 àti dáyámọ́ńdì ti ń yí bìrìbìrì, tí wọ́n ní bí mẹ́ta bá ti bára mu, owó ti dé. Àwọn àgbà ìjọ yóò rántí kalokalo, ẹ̀rọ onírin tí wọ́n ń ju owó sí lẹ́nu, tí wọ́n sì ń fa apá rẹ̀ wálẹ̀. Ìjọba ológun fi òfin de ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní 1977. Ọmọ kalokalo náà ló padà wá yìí. Ti ìgbà náà, ènìyàn ní láti dìde lọ bá a níbi tó wà, bó bá sì di òru, onílé yóò tilẹ̀kùn. Ti òde òní kò ní ìlẹ̀kùn. Ó ń bá ọmọ yín sùn lórí ẹní, ó sì ń bá bàbá ọmọ jókòó nínú abà nígbà tí òjò kò jẹ́ kó ro oko.

A mọ̀ pé àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan yóò ní kò yẹ ká máa ṣàlàyé bí tẹ́tẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ lójú ewé yìí, kí a ṣáà sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, kí a sì dákẹ́. A kò bá wọn jiyàn pé kò yẹ Kristẹni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń wàásù bẹ́ẹ̀ láti ayé púùlù, owó èsúsú àti owó ilé-ìwé kò sì yé gba ibẹ̀ lọ. Ẹni tó ti kó sínú pàkúté nílò ẹni tí yóò fi okùn rẹ̀ hàn án. (Àwọn kan tún máa ń sọ pé àwọn àpọ́sítélì náà ṣẹ́ kèké nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kìíní. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló fi kọ́bọ̀ lélẹ̀ níbẹ̀, ta ló sì pàdánù? Àwọn tí wọ́n fi kèké wá ẹrù ẹlòmíràn ni àwọn ọmọ ogun tó wà nísàlẹ̀ àgbélébùú.)

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà pé eré náà jẹ́ olóòótọ́. Irú èyí tó dára nínú wọn a máa kọ ọ́ síta pé nínú ₦100 tí gbogbo ènìyàn bá fi ta á, òun yóò dá nǹkan bí ₦96 padà, òun yóò sì mú ₦4. Etí tó bá gbọ́ èyí yóò ní ₦4 kò tó nǹkan. Ó dára, ẹ mú ìwé àti bírò. Bí ènìyàn bá ń fi ₦50 yí i lẹ́ẹ̀kan, tó sì ń yí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, ₦500 ló ń fi ta á ní ìṣẹ́jú kan náà. Láàárín wákàtí kan, ó ti di ₦30,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ₦1,000 péré ló mú wọlé, nítorí ohun tó jẹ ló tún ń dá padà sínú rẹ̀. Ẹ wá mú ₦4 nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan ₦30,000 yẹn. ₦1,200 ni. Bó bá ṣe é ní ọjọ́ púpọ̀, bí ìṣirò ṣe ń lọ nìyẹn: ₦1,000 rẹ̀ kò lè pé wákàtí kan. Ẹnì kan kò sì yàn án jẹ. Olóòótọ́ inú wọn nìyí o!

Ti àwọn ayédèrú wá yàtọ̀. Wọ́n a jí àwòrán àti orúkọ eré tí ilé-iṣẹ́ ńlá kan ṣe, wọ́n a sì gbé e sórí kọ̀ǹpútà tiwọn, níbi tí wọ́n ti lè pa á láṣẹ iye tó fẹ́ẹ́ dá padà, ìbáà ṣe ₦60, ìbáà ṣe ₦40. Ojú lásán kò lè dá a mọ̀, nítorí àwòrán kan náà ni, orin kan náà sì ni. Irú èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1989, àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà, níbi tí tẹ́tẹ́ ti bófin mu tí àwọn alábòójútó sì pọ̀, rí i pé ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ American Coin ti tún inú ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe kí èrè tó tóbi jù má baà jáde fún ẹni tó ń ta á. Wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbi tí ìjọba ti ń tú inú ẹ̀rọ wò, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ ilẹ̀ tí kọ̀ǹpútà náà wà?

Síbẹ̀, àwọn àmì kan wà tí bàbá, ìyá àti olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lè fi dá wọn mọ̀. Èyí tó burú jù ni ti owó gbígbà. Owó yóò wọlé ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá jẹ, tó fẹ́ gbà á jáde, wọn yóò ní kó kọ́kọ́ san owó orí, tàbí owó ìdánimọ̀, kí èyí tó jẹ tó lè jáde. Ẹ̀yin ará, kò sí oníṣòwò olóòótọ́ tí yóò ní kí ẹ san owó kí òun tó san gbèsè tí òun jẹ yín. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, kí ó yọ ọ́ nínú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlú Ìbàdàn rí èyí sójú ní oṣù kẹrin 2025. CBEX kì í ṣe ilé tẹ́tẹ́, ilé ìdókòwò ni wọ́n pe ara wọn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Nígbà tí àwọn ènìyàn kò rí owó wọn gbà mọ́, wọ́n ní kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó dọ́là 1,000 tún san dọ́là 100, kí ẹni tí tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ san 200, kí wọ́n lè mọ̀ pé ènìyàn gidi ni. Àwọn kan san án. Lẹ́yìn náà ni inú bí àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ya wọ ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àdó, tí wọ́n kó àga àti ohun tí wọ́n rí níbẹ̀. Àga wo ló lè dí ihò tó wà nínú owó àwọn ènìyàn wọ̀nyí?

Àmì kejì ni ẹ̀bùn. Wọn yóò ní àwọn fi ₦10,000 ta yín lọ́rẹ. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Bí wọ́n bá ní ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀bùn náà ta tẹ́tẹ́ ní ìgbà 40 kí ẹ tó lè gbà á, ₦400,000 ni ẹ máa fi ta á nìyẹn. Ẹ tún ṣọ́ èyí tó ń jẹ́ kí ènìyàn máa jẹ nígbà tó ń fi ọ̀fẹ́ dán an wò, tó sì di òǹrorò ní ọjọ́ tí owó gidi bá wọlé. Bí wọ́n bá fi òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ ayẹ̀wò bí eCOGRA hàn yín, ẹ má fi ti àwòrán ṣe. Ẹ lọ sójú ewé ilé-iṣẹ́ ayẹ̀wò náà fúnra rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá orúkọ wọn wà níbẹ̀. Ti ìwé àṣẹ sì nìyí: ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a pé ọ̀rọ̀ lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun gba àṣẹ, ẹ bi í pé ìpínlẹ̀ wo, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó tẹ́tẹ́ ní ìpínlẹ̀ náà.

Àwọn kan sì wà tí wọn kò ní ilé tẹ́tẹ́ rárá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Ẹ ti gbọ́ nípa Aviator, eré ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó máa ń gòkè, tí owó sì ń pọ̀ bó ṣe ń gòkè, títí yóò fi fò lọ lójijì. Àwọn oníjìbìtì ń ta ohun kan lórí WhatsApp àti Telegram tí wọ́n ní ó ń sọ tẹ́lẹ̀ ìgbà tí ọkọ̀ náà yóò fò lọ. Irọ́ ni. Ẹ wo ó, bó bá mọ̀ ọ́n, kí ló dé tó fi ń tà á fún yín ní ₦5,000? Ohun tó ń wá ni owó yẹn, àti nọ́ńbà àṣírí yín bó bá rí i gbà.

Ohun tó ká wa lára jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Àgbẹ̀ ilẹ̀ yìí kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ tí kì í fọhùn. Ní 1968 àti 1969, nígbà tí owó orí wúwo jù, àwọn àgbẹ̀ agbègbè Àkànràn wà lára àwọn tó dìde nínú ìjà Àgbẹ́kọ̀yà, ìjọba sì dín owó orí náà kù. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí fóònù gba owó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kò lè sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, kò lè sọ ọ́ fún bàbá ìjọ, nítorí ó mọ̀ pé ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yóò fi òun ṣe àpẹẹrẹ. Nítorí èyí, yóò tún lọ yá owó láti fi lé èyí tó sọnù. Ibẹ̀ gan-an ni ilé máa ń ti fọ́, kì í ṣe lórí ₦1,000 àkọ́kọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín lóru, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán. Ẹ̀yin ìyàwó, a mọ̀ pé ó dunni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó sọ gbogbo iye rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ tó bínú. Kí ó má ṣe san kọ́bọ̀ mìíràn, pàápàá fún ẹni tó bá ní òun lè bá a gba owó náà padà, nítorí ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Kí ó sáré dé báńkì rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì má pa àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i rẹ́. Kí ó kó gbogbo rẹ̀ lọ fún ọlọ́pàá tàbí ọ́fíìsì EFCC tó wà ní Ìyágankú, Ìbàdàn. Bí kò bá mọ̀wé kọ, akọ̀wé ìjọ lè bá a kọ ọ́, kí ó sì tẹ̀lé e lọ. Bí owó àjọ bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹlòmíràn máa tọ́jú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, láìsí ariwo, láìsí pé wọ́n ka orúkọ rẹ̀ jáde nínú ìjọ.