Iná oríta gbọ́dọ̀ ríran kí ó tó pàṣẹ

Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí. Òwe yìí bá iná oríta mu gẹ́gẹ́ bí ó ti bá ènìyàn mu. Nígbà tí wọ́n gbé iná ojú pópó kalẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejìlá ọdún 1868, gáàsì ni wọ́n fi ń tàn án, ọlọ́pàá ni ó sì ń fi ọwọ́ yí i. Nígbà tí ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà gbé ti iná mànàmáná kalẹ̀ ní ọdún 1914, ọlọ́pàá ṣì ń jókòó sínú àgọ́ kékeré lẹ́bàá títì láti máa darí rẹ̀. Iná ni ó ń pàṣẹ, ṣùgbọ́n ojú ọlọ́pàá ni ó fi ń ríran.

Lónìí, ọlọ́pàá ti kúrò nídìí iná. Kí ni ó wá rọ́pò ojú rẹ̀? Ìdáhùn wà nínú àpótí irin tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríta, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọjá láìbìkítà. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú oríṣi ẹ̀rọ méjì tí ń bá a ṣiṣẹ́. Èkíní ń gba ìròyìn wọlé: wáyà tí wọ́n ká sábẹ́ ọ̀dà títì ń sọ fún un pé ọkọ̀ dé, bọ́tìnnì ara òpó sì ń sọ fún un pé ẹlẹ́sẹ̀ fẹ́ sọdá. Èkejì ń gbé àṣẹ jáde: agbára kọ̀ǹpútà kò tó tan gílóòbù, nítorí náà ẹ̀rọ yìí ni ó ń ṣí ọ̀nà fún iná mànàmáná láti dé ara pupa, ọsàn tàbí àwọ̀ ewé. Alábòójútó kan tún wà tí ń yẹ ohun tí ó jáde wò. Bí àwọ̀ ewé bá tàn fún ọ̀nà méjì tí ó dábùú ara wọn, kíá ni yóò sọ gbogbo rẹ̀ di ọsàn tí ń ṣẹ́jú, kí olúkúlùkù lè ṣọ́ra.

Àwọn kan yóò sọ pé iná tí ń ka ìṣẹ́jú nìkan ti tó. Òótọ́ ni pé owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí ọkọ̀ bá ti ń lọ déédéé ní gbogbo ọ̀nà. Ṣùgbọ́n iná tí kò ríran lè dá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dúró nítorí ọ̀nà tí ó ṣófo. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn awakọ̀ kò ní ka pupa sí mọ́.

Síbẹ̀, ojú ju ojú lọ. Irin ara ọkọ̀ ni wáyà abẹ́ títì fi ń mọ̀ pé ọkọ̀ dé. Irin alùpùpù kéré. Bí wọn kò bá ṣètò ẹ̀rọ náà dáadáa, kò ní rí i rárá. Ní ìlú bíi Kútọnu, níbi tí zémíjàn kún títì, àbùkù kékeré kọ́ nìyí. Zémíjàn tí ó dá dúró lóru níwájú irú iná bẹ́ẹ̀ yóò dúró títí yóò fi sú u, yóò sì kọjá. Ó rú òfin lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ pín nínú ẹ̀bi náà.

Nítorí náà, nígbà tí ìjọba ìlú bá fẹ́ ra iná oríta, kí wọ́n má ṣe wo gílóòbù dídán nìkan. Kí wọ́n béèrè bóyá ó ń rí alùpùpù. Kí wọ́n béèrè ẹni tí yóò tún wáyà so bí àwọn tí ń gbẹ́ títì bá já a, nítorí iná lè máa tàn nígbà tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Kí wọ́n sì béèrè èdè tí wọn yóò kọ sí ara bọ́tìnnì ẹlẹ́sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Faransé nìkan, ìyá tí ó kọ́ ìwé ní èdè Yorùbá tàbí Fọ̀n yóò dúró létí títì pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, láìmọ̀ pé ìka kan ṣoṣo ti tó láti bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀nà.

Ẹni tí yóò pàṣẹ fún ará ìlú, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ rí wọn.