Gbólóhùn Ni Ká Kọ́

Kéèyàn mọ̀ pé ruwa ni omi, gishiri ni iyọ̀, ìyẹn ò tíì di gbígbọ́ Haúsá. Lọ́dọ̀ tiwa, "Kí lẹ fẹ́?" kan náà là ń bi ọkùnrin, òun náà là ń bi obìnrin. Haúsá ò rí bẹ́ẹ̀: "Me kake so?" ni ti ọkùnrin, "Me kike so?" ni ti obìnrin. Àwọn ará wa tó wà ní Ítálì náà ń bá irú ẹ̀ pàdé: tó bá rẹ ọkùnrin, á ní "Sono stanco"; obìnrin á ní "Sono stanca".

Ẹ jẹ́ ká máa mú odindi gbólóhùn kan lójúmọ́, ká fi tajà, ká fi kọ́ àwọn ọmọ. Tá a bá ń bá Alhaji sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá Alhaja sọ̀rọ̀, ẹ̀rín la máa tà, ọjà á wà nílẹ̀.